Ibi Ìyàsí Ọkọ̀ Abẹ́ Máńgòrò

Nkembo, Libreville.
Oṣù Kẹta, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Faridah,

Mo kí yín, mo kí àwọn ọmọ. Mo lérò pé ibà yẹn ti fi yín sílẹ̀, ara yín sì ti le dáadáa. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí; òjò nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu.

Ẹ rántí pé Bàbá fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lọ sí àdúgbò Derrière la Prison. Àwọn onítakisí tó ń fi máàpù orí fóònù wá ọ̀nà ló fà á. Wọn ò rí ibi ìdúró kankan lójú máàpù, wọ́n á gbé oníbàárà kọjá dé oríta, onítọ̀hún á sì bínú lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀, ibi tí títì ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ lè yà dúró wà níwájú wa gan-an, lábẹ́ igi máńgòrò.

Máàpù yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì fi ibi ìyàsí náà sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti pòórá. Mo tún fi sí i, wọ́n tún pa á rẹ́. Ọmọ Nàgó kan láti Benin, Judicaël, tó ń gbé àdúgbò Akébé níbí, ló ń pa á rẹ́. Ó kọ̀wé sí mi pé àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà lòun ń wò, igi nìkan lòun sì rí. Ẹ mọ̀ pé n kì í bá èèyàn jiyàn. Mo kàn fèsì pé, "Ẹ wá wò ó láti ìsàlẹ̀."

Ó wá lóòótọ́ ní Sátidé. Ó dúró sábẹ́ igi, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀, títí takisí kan fi fọn fèrè sí i lẹ́yìn, tí awakọ̀ rẹ̀ sì pariwo pé: "Ọ̀gá, kúrò níbẹ̀ jàre. Ṣé o ò rí i pé ibi ìdúró ọkọ̀ nìyí?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí téèpù fi bọ́ lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Wọlé wá, ìwọ tó o pa wá rẹ́. Jẹ́ kí n wọn ìbàdí rẹ." Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí tó fi dá ibi ìyàsí wa padà sójú máàpù, ó sì ní kí Bàbá rán ṣòkòtò kan fún òun.

Ní báyìí, takisí ti ń yà. Bàbá ò sọ̀rọ̀ kíkó mọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti ń kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oore kọjá ẹnu ọ̀nà yín láì yà. Kó jẹ́ ká fojú rínjú láyọ̀.

Èmi àbúrò yín tòótọ́,
Sakeenah.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ṣòkòtò Judicaël ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń gbé e padà wá. Lónìí ó fún, lọ́la ó tóbi. Bàbá ní àtìgbà tí àwọn ti ń ránṣọ, àwọn ò tíì rí ṣòkòtò tó ń ṣàìsàn tó báyìí.  Èmi kàn máa ń gbá abẹ́ igi kí takisí tó ń gbé e bọ̀ tó dé.