Pẹ́dáàlì Kìn-ín-ní Kò Gòkè Tó

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n gbé gìtá wá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Gìtá onípẹ́dáàlì rẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń tẹ́ bí tábìlì — okùn mẹ́wàá lórí, ẹsẹ̀ mẹ́rin nísàlẹ̀, àwọn ọ̀pá irin tín-ín-rín lábẹ́ ikùn tó so okùn mọ́ pẹ́dáàlì ẹsẹ̀. "Ìyàwó Àgbà" ló ń pè é láti ọdún mọ́kànlélógún. Ìyàwó rẹ̀ gidi ti gba kámú. Ó ní tí òun bá tẹ pẹ́dáàlì kìn-ín-ní, kì í gbé okùn karùn-ún dé ibi tó yẹ mọ́. Ó ní ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. Sátidé tó ń bọ̀, ìyẹn kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ olórin wọn máa ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá. Mo ní kó fi sílẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ mẹ́ta wà níwájú mi tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta
Mo dorí Ìyàwó Àgbà kodò. Ìdọ̀tí! Gírísì àtọdúnmọ́dún ti dì bí oje igi. Mo fi kẹrosíìnì àti burọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo oríkèé irin, mo nù ún gbẹ, mo kán òróró sí i — ẹ̀kán kan sí oríkèé kan, tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku lò ń sè fún. Sípíríǹgì kan ti dẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì ọ̀rá lẹ́nu. Yí i wọlé, pẹ́dáàlì á fa okùn sókè sí i. Yí i jáde, á dín in kù. Díẹ̀díẹ̀ ni o, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn ohùn — Olóòótọ́ ni mo sọ ọ́ — ní ó ti pé. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró gán-án láàárín. Àwọn kan ní iṣẹ́ obìnrin kọ́ nìyí. Kí wọ́n wá bá mi gbé ẹ̀yìn mi tó ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n wá dán an wò. Ó ní kò tíì dé ibẹ̀. Mo fi Olóòótọ́ hàn án, ó rẹ́rìn-ín: "Àbúrò, ẹ̀rọ ò ní etí." Mo yí nọ́ọ̀tì díẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo tún yí i. Ó ní ó ṣì kù díẹ̀. Nígbà tó lọ, mo dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta
Ẹ̀yìn. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n tún dé. Ibi tó ti ń tẹ okùn ni oníbàárà kan ti wọlé lápá òsì rẹ̀, tó kí i lẹ́ẹ̀mejì. Kò dáhùn. Ọkùnrin náà bínú, ó ní àwọn olórin ti gbéra ga jù. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ ìyẹn náà.
Mo pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ni, rédíò ilé àwọn ti di ti gbogbo àdúgbò. Ó ní òun rò pé ọjọ́ orí ni.
Pẹ́dáàlì ò ṣe nǹkan kan. Etí ni.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n tún wá. Mo fẹ́ sọ fún un. Ẹni tó tọ́ mi nígbà tí bàbá wa kú nìyí. Orin tó ń kọ ló fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé etí rẹ̀ ń tàn án jẹ?
Mi ò wí. Mo wọ abẹ́ gìtá, mo ń yí nọ́ọ̀tì títí ojú rẹ̀ fi tú ká. "Hẹn-ẹ́n! Ibẹ̀ gan-an nìyẹn! Ọwọ́ rẹ ò ní í ṣá." Abẹ́rẹ́ Olóòótọ́ ti sá kọjá ààlà. Mo da aṣọ bò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹta
Gìtá ṣì wà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo lè fi tún un ṣe. Mi ò ṣe é. Wọ́n ti wá gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta
Ìlà kẹta ni mo jókòó sí. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ lo pẹ́dáàlì. Èkejì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fà jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n tẹ pẹ́dáàlì mọ́lẹ̀ — obìnrin tó ń kọrin yíjú wò ó, ohùn rẹ̀ sì ṣìnà. Àwọn tó wà níwájú mi wo ara wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Olórí ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ṣe àmì sí onímáíkì, wọ́n sì gé ohùn gìtá kúrò nínú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn.
Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀. Ó pajú dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ta á lọ. Orin mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.
Èmi ni mo ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹta
Ó pè mí. Olórí ẹgbẹ́ ní kó lọ sinmi ná. "Kí ni mo ṣe fún wọn, Àbúrò?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹta
Mo lọ sílé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nítòsí etí ọ̀tún, mo sọ ọ́ ketekete. Pé láti ọjọ́ kejì tó gbé e wá ni pẹ́dáàlì ti pé. Pé èmi ni mo bà á jẹ́ kó lè bá etí yín mu, Ẹ̀gbọ́n. Pé wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì gé ohùn gìtá yín kúrò. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abọ́ lọ́wọ́.
Kò pariwo — ìbá sàn kó pariwo. "Àwọn ará ìta fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn ò dùn mí. Ìwọ jókòó síbẹ̀, o mọ̀, o ń wò mí." Ó ní kí n máa lọ sílé.
Mo rìn dé ilé. Mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹta
Ìyàwó rẹ̀ pè. Wọ́n ti lọ rí dókítà elétí. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ṣì ń gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn tó bá ga, ńṣe ló ń gbọ́ ọ bí èyí tó rẹlẹ̀. Ẹ̀rọ etí á ràn án lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ti orin, dókítà ò ṣèlérí. Mo bi í bóyá ó dárúkọ mi. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, àǹtí."

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹta
Maṣíìnì méjì jáde. Mo fi bẹ́líìtì ọ̀kan sí èkejì, mo tún tú u.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n wá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé gìtá sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn ní ṣókí. Ó to ẹsẹ̀ gìtá, ó de àwọn ọ̀pá, ó jókòó.
"Dá a padà síbi tó yẹ."
Mo wọ abẹ́ ẹ̀. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí nọ́ọ̀tì jáde títí abẹ́rẹ́ fi dúró. Ó tẹ pẹ́dáàlì, ó gbọ́, ó fajú ro bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.
"Ó ń dún bí irọ́ létí mi."
Ó tún un tẹ̀.
"Ṣé ibẹ̀ nìyí lóòótọ́?"
"Ibẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."
Ó wò mí pẹ́ gan-an. Mi ò gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ló mú irin kékeré tó fi ń tẹ okùn, ó gbé e lé wọn lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin kan tí mi ò gbọ́ rí. Ó ta á láti orí dé ìdí, kò fo ibì kankan. Ojú rẹ̀ le jálẹ̀, kò gbádùn bíńtín níbẹ̀. Létí mi, ó mọ́ bí omi.
Nígbà tó parí, ó bi mí báwo. Mo ní ó pé.
Ó mi orí. "Etí mi ò gbà. Ṣùgbọ́n o ti sọ pé ó pé." Ó fa àga sún mọ́ gìtá. "Jókòó síbí, lápá ọ̀tún mi. Tí mo bá ṣì í, kí o wí. Má ṣàánú mi."
Mo jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀. Ní ìlà kejì, mo ní, "Ẹ ṣì í."
Ó padà sẹ́yìn, ó tún un ta.