Ẹni Tí Kò Tíì Jáde Lórí Pápá

                                        Thamesmead Moorings,
                                        London.
                                        24 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Irfan, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? A dúpẹ́ níhìn-ín, òtútù nìkan ló fẹ́ gbé wa mì.

O fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbá. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Mọ́kànlá làwa náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ló lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Iṣẹ́ àwọn géńdé àárín ìlà iwájú ni kí wọ́n máa ti èèyàn. Àwọn tó wà létí ìlà àtàwọn tó wà lẹ́yìn ló ni gbígbà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó ń jáde máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ti ẹni tó ń wọlé, kí àṣìṣe má baà sí.

Faiz ló ni etí ìlà lápá ọ̀tún. Èmi ni mo máa ń rọ́pò rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó ti ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó dé, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ó dùn mí dé egungun. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n o mọ àṣà wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ilé ni bàbá rẹ̀, Daddy Sàlàkọ́, jókòó sí. Láti ìgbà náà, pápá wa lẹ́yìn Nathan Way ni wọ́n ń wá. Wọ́n á dúró sétí ìlà, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lánàá, a fi àyè Faiz sílẹ̀ lófo ní ìbẹ̀rẹ̀ eré láti fi yẹ́ ẹ sí. Òfin gbà á. Lẹ́yìn náà ni Hámzàt, olùkọ́ wa, ní kí n wọlé. Kí a tó gbé bọ́ọ̀lù, Alice tó ń darí eré ju àsíá yẹ́lò tí wọ́n fi ń mú àṣìṣe sílẹ̀. Ó ní a ti di méjìlá. Hámzàt kà wá, mọ́kànlá. Mo jáde, mo tún wọlé, àsíá yẹ́lò. Alice ń nu ojú. Ó ní ẹnì kan ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí a ṣe máa ń ṣe kí a tó gbé bọ́ọ̀lù. Kùrukùru odò ti bo ìdajì pápá. Orí mi wú.

"Bro, just stay off," ni Hámzàt wí. "Má wọlé mọ́."

Munirat, àbúrò Faiz tó ń bá wa gbé omi, ló lọ bá bàbá rẹ̀.

"Daddy, ẹ call him jàre. Ẹ ò tíì sọ bye fún un."

Daddy fa kóòtù wọn mọ́ra.

"Mi ò fẹ́ kó lọ."

Daddy wá rọra sún mọ́ ìlà.

"Faiz, ó tó. O ti gbìyànjú, ọmọ mi. Jáde, kí Mùjídì wọlé."

Mo na ọwọ́. Irfan, nǹkan kan kàn mí ní àtẹ́lẹwọ́, ó tutù bí omi àmù. Mo wọlé. Alice kà wá, ó gbé ìkúùkù sókè pé a pé.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Daddy ti bọ́ kóòtù wọn, wọ́n nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń da á bo èèyàn léjìká, wọ́n ń lọ síbi mọ́tò. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú lápá kejì, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n rọra pa á dé, wọ́n tó wá yí lọ síbi tí wọ́n ti ń wakọ̀.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Mùjídì.