Àdúrà Tí Mo Fi Yẹ̀yẹ́ Rọ́pò

Ìkìrun, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Láàárọ̀, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ mi wo fíìmù àwọn ará Súwídìn lórí fóònù rẹ̀. Ọmọge kan ń fi ilé sílẹ̀, baba rẹ̀ kàn dúró bí òpó. Mo ní, "Ṣé baba yìí ò mọ àdúrà ni?"

"Bàbá àgbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o!"

Lọ́sàn-án, Àbẹ̀kẹ́ náà ń lọ bẹ̀rẹ̀ yunifásítì, ó kúnlẹ̀ fún àdúrà. Omi lé ròrò sójú mi. Mo bá ní, "Dìde, ìyá arúgbó, orúnkún rẹ ń dún!" Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Òṣogbo ṣe gbé e lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ni. "Kúnlẹ̀ níbi tó o wà."

"Mo ti kúnlẹ̀, Bàbá."

Mo ṣàdúrà. Àmín rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó pa fóònù. Ewúrẹ́ mi nìkan ló kù tí mo lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, ewúrẹ́ kì í sì í rẹ́rìn-ín.