Òṣùpá Tó Ń Gba Ọkọ Lọ́wọ́ Mi

Àlàmísì, 10 Oṣù Keje, 2025. Èsìé.

Òṣùpá kún. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré kiri níta, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń bú òṣùpá. Bó bá ti mọ́lẹ̀ báyìí, ẹja onídà, tí ẹnu ẹ̀ gùn bí idà, á gòkè wá jẹun lóru, ọkọ̀ apẹja tí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ ní Sìsílì, ní Ítálì, kò sì ní gúnlẹ̀.

Aminullah ọkọ mi — ọmọ àgbẹ̀ oníṣu, tí kò wọ odò kọjá orúnkún rí! Ó ní okùn tí wọ́n ń tẹ́ sójú òkun nírọ̀lẹ́ gùn ju Èsìé sí Ọ̀mù-Àrán lọ. Iná wínníwínní lára okùn, ìwọ̀ nísàlẹ̀, ẹja títù lẹ́nu ìwọ̀. Títù! Èyí tí àwa ń ná lọ́jà bí ẹni ń ná màlúù.

Onídà ni màá máa pe ọkọ mi níbí. Àárò ẹ̀ ń sọ mí.

Sátidé, 19 Oṣù Keje

Ó pè! Ohùn ẹ̀ ti há. Inú mi dùn débi pé mo jókòó lé aṣọ oníbàárà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, tí mo lọ̀ tán. Ó ní òun á dé kí n tó bímọ, ọ̀gá ọkọ̀ ti gbà. Mo ní kó sọ orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ fún mi, torí ó ti ń fọ́nnu pé òun ní ọ̀kan. Ó ní, "Lubabah, ó tì o. Ta ní ń pe orúkọ ọmọ tó ṣì wà níkùn?" Bí ẹni pé n kò mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ ni.

Àtàláátà, 29 Oṣù Keje

Kò tíì dé. Ó ní ẹja ń jẹ gan-an, ọ̀gá ní kí wọ́n ní sùúrù. Sùúrù! Ṣé oyún mọ sùúrù ni?

Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Mo bí obìnrin. Alihamudulilahi.

Àtìní, 4 Oṣù Kẹjọ

Ààrẹ wá gbé ọmọ. Ìyá ọkọ mi ni — àṣẹ tí wọ́n ń pa ló jẹ́ kí n fún wọn lórúkọ yẹn, inú ìwé yìí nìkan o, orí mi kò dàrú. Wọ́n wo ọmọ títí, wọ́n ní, "Abídèmí. Ọmọ tí a bí de bàbá ẹ̀, kí la tún ń wá?"

Mo ní rárá. Mo ní Aminullah ti ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n ní kí ni orúkọ ọ̀hún? Ojú tì mí. N kò mọ̀ ọ́n.

N kò fẹ́ orúkọ Ààrẹ. Bí mo bá ń pè é láàárọ̀ lálẹ́, ohun tí n óò máa sọ ni pé bàbá ẹ̀ kò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ ó ní òun á wà níbẹ̀!

Àlàrùbá, 6 Oṣù Kẹjọ

Fóònù ẹ̀ kò lọ. Òṣùpá ti ń tóbi.

Jímọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Fóònù ẹ̀ kò tíì lọ. Mo gba igbe ọmọ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Jùbrílù àbúrò ẹ̀ bá mi bẹ àfáà pé ká sún ìsọmọlórúkọ síwájú díẹ̀. Àfáà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lójú òkun.

Aminullah sọ fún mi nígbà kan pé ojú ẹja onídà yẹn tóbi bí ìdérí kóòkò, pé bí wọ́n bá fà á sókè, á kọ́kọ́ wo èèyàn. Mo jowú ẹja. Wàláhì, mo jowú ẹja. Ó ń rí ọ wò, Onídà, èmi ìyàwó rẹ kò rí ọ. Ṣé o wọ súwẹ́tà? Ṣé o rí oúnjẹ gidi jẹ? Ọmọ rẹ ní imú rẹ.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

A ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo fi fóònù sábẹ́ ìborùn títí àfáà fi ṣàdúà tán. Kò dún. Wọ́n pè é ní Bilqis. Ààrẹ tẹ̀ lé e: Abídèmí. Gbogbo èèyàn gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n ń pè é. Èmi kò pè é.

Àtàláátà, 12 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ti gúnlẹ̀. Ó pè láàárọ̀, ó gbọ́ igbe ọmọ, ó bú sẹ́kún. Ọkùnrin gìrìpá! Ó ní orúkọ wo la sọ ọ́. Mo ní Bilqis, mo dúró síbẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Èyí tí o fi pamọ́?"

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń já ẹja lẹ́yìn ẹ̀.

Ó ní, "Abídèmí ni. Láti ọjọ́ tí mo wọ mọ́tò ní Ọ̀mù-Àrán ni mo ti mú un."

Mo ní ẹ̀n-ẹ́n. Mo gbé fóònù fún ìyá ẹ̀.

Láti ọjọ́ tó wọ mọ́tò. Gbogbo "mò ń bọ̀" tó ń sọ fún mi — tí mo ń sùn lé lórí, tí mo ń jí bá! Ó ti mọ̀ pé òun kò ní dé. Inú ń bí mi, àárò ẹ̀ sì tún ń sọ mí, n kò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ sunkún lé lórí.

Ọmọ jí. Mo gbé e sáyà. Mo pè é ní Abídèmí.