Bíà Tí Mo Ní Ó Dáa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo gé àlùbọ́sà láàárọ̀. Omi ń dà lójú mi, imú ò mọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọ̀fìnkìn ti lọ tó sì kó gbogbo òórùn lọ. Ahọ́n ṣì mọ iyọ̀, ó mọ kíkorò àti dídùn. Ó tán. Èmi tí mò ń tọ́ ọtí wò nílé ìpọntí láti ọdún méjìdínlógún! N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 6
Dókítà tan iná wo ihò imú mi. Ó ní ó lè padà, ó lè má padà. Èmi náà ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀ láìwọ aṣọ funfun.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ìkòkò wá — àbúrò mi ọkùnrin. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó sọ yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ di ibi ìpọntí. Ó gbé bíà búráùn tuntun wá, èyí tó fẹ́ fi díje ní Sátidé. Mo dà á sínú ife. Ó pọ́n, ó mọ́ gaara, ìfófó rẹ̀ dúró. Mo gbé e sí imú — òfo. Mo mu ún. Dídùn díẹ̀, kíkorò díẹ̀, tútù.

Ọ̀fun mi ló ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ti ní ó dáa, mo máa rọ gbogbo ẹ̀ sígò lọ́la."

Ìyàwó rẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, rọra sọ pé òun ń gbọ́ òórùn kan, bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pa mọ́. Ìkòkò kọjú sí i: "Ṣé imú tìẹ ló wá ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ?"

Mo lè gba obìnrin náà sílẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo tún fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀pà yíyan, èèpo búrẹ́dì. Ọtí rẹ̀ ti èṣí ni mò ń rántí, òun ni mò ń kà fún un. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Igba ìgò. Ìkòkò pè mí bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Tábìlì gígùn, bísíkíìtì, omi, ife mẹ́wàá tó ní nọ́ńbà nìkan. Adájọ́ mẹ́ta: èmi, ọkùnrin olótẹ́ẹ̀lì kan, àti Ìyá Onímú tó kọ́ mi níṣẹ́. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò kí n tó kọ máàkì. Tó bá fajú ro, mo dín in. Tó bá mi orí, mo fi kún un. Ó ń lọ dáadáa. Ní ife kẹrin, ikọ́ mú un, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo kàn méfò, mo kọ méjìdínlógójì nínú àádọ́ta. Olótẹ́ẹ̀lì kọ mẹ́sàn-án. Ìyá kọ méje.

Ó wo ìwé mi, ó wò mí. "Ọmọ mi, ọtí yìí ń rùn. Kí lo gbọ́ nínú ẹ̀?"

Mo ní ẹnu ò jọra.

Nígbà tí wọ́n ka orúkọ, Ìkòkò ló ni ife kẹrin. Olótẹ́ẹ̀lì rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ da ọmọ ìyá ẹ̀ nù.

Ọjọ́ Àìkú, 16
N ò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ìkòkò wá. Ó tẹ́ ìwé máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì mi. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù.

"Ẹ mọ̀ pé tèmi ni, ẹ wá ṣàánú mi. Láti ìgbà wo lẹ ti ń tàn mí, ẹ̀gbọ́n? Gbogbo èyí tí ẹ ti ní ó dáa láti ọdún mẹ́fà ńkọ́?" Ó ní òun ti ta àwọn ìkòkò ìpọntí òun, lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn lọ. Òun ò pọntí mọ́.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mo sọ fún un pé imú mi ti kú, kí ó tó pọn èyí ló ti kú, pé òótọ́ ni gbogbo èyí tí mo ti sọ ṣáájú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ń parọ́ kẹ́ ẹ lè tù mí nínú."

Ó lọ sí kíṣíńnì. Nígbà tó dé, ó ní kí n di ojú, ó gbé ife lé mi lọ́wọ́. "Kí lèyí?"

Mo fa imú títí. Mo rò pé ahọ́n máa mọ̀ ọ́n, mo gbé e dé ètè.

Ó já a gbà. Ó dà sára àwa méjèèjì. "Kẹrosíìnì ni! Ẹ̀gbọ́n, kẹrosíìnì ni!" Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu mi bí ẹni ń nu ẹnu ọmọdé, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Ìwọ lo gbọ́ ọ. Má bínú."

Ọjọ́rú, 19
Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìpọntí. Ìlà méjì: imú mi ti kú, n ò lè tọ́ ọtí wò mọ́. Bí mo ṣe ń jáde lọ fi ránṣẹ́, obìnrin tó ń gbé lókè dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní ilé mi ń rùn fún kẹrosíìnì, ṣé kò sí o. Mo padà wọlé. Mo dúró láàárín yàrá, mo mí sínú títí àyà fi ń dùn mí: òfo. Mo ṣí fèrèsé.