Ìdérí tí Gbogbo Wa Yìn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Bélú

Mo ń sọ ọ́, Akọ̀wé ń kọ ọ́. Akọ̀wé ni ìyàwó mi. Nínú àwa méjèèjì, òun ló lọ sílé-ìwé, èmi lọ sóko bàbá mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún tèmi. Ó ní òun kì í fi kún un, èébú nìkan lòun máa ń yọ.

Ọmọ wa obìnrin pè lónìí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀. Àkọ́bí ni, ẹ̀rù ń bà á, ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dé kí oṣù yìí tó parí. Ìyá rẹ̀ wò mí. Mo wo àjà. Ta ni yóò máa gún mi lábẹ́rẹ́? Ìtọ̀ ṣúgà kò mọ̀ pé ẹnì kan ń bímọ níbì kan. Láràárọ̀ ni Akọ̀wé ń gún mi níkùn, nítorí ìka mi ti gan bí ẹ̀ka igi gbígbẹ – iṣẹ́ ọkọ́ ni.

Mo ní kó máa lọ, n óò máa kú díẹ̀díẹ̀ dè é. Ó ní kí n má fi ikú ṣàwàdà ní kùtùkùtù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ẹnjiníà wá. Ọmọ wa ọkùnrin ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ronú ohun èlò ìwòsàn, wọ́n ń yàwòrán rẹ̀, wọ́n ń ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ – fún ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ni orúkọ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìyẹn ni mo ń pè ní Olórúkọ. Olórúkọ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan mọ́. Ó gbé ìrònú fún ilé-iṣẹ́ ọmọ mi, ó gbé dída rọ́bà rẹ̀ fún àwọn kan lókè òkun, ó gbé ìdánwò fún àwọn mìíràn.

Mo bi í pé kí ni Olórúkọ fúnra rẹ̀ wá ń ṣe láti àárọ̀.

"Ó ń bójú tó o, Bàbá."

Ó ní bí ọjà ṣe ń lọ nìyẹn káàkiri ayé. Òfin ti pọ̀, àyẹ̀wò ti pọ̀, ó yá àwọn ńlá lára kí wọ́n gbé iṣẹ́ síta ju kí wọ́n kó ènìyàn jọ sínú ilé lọ. Àwọn aláìsàn náà kò fẹ́ sùn sílé ìwòsàn mọ́, ilé ara wọn ni wọ́n ti fẹ́ máa tọ́jú ara wọn. Àwọn arúgbó sì ń pọ̀ sí i. "Ẹ̀yin gan-an ni ọjà, Bàbá." Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń gbé iṣu lọ sọ́jà, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé èmi ni ọjà náà.

Ó fẹ́ kí n bá òun dán nǹkan kan wò: abẹ́rẹ́ tó rí bí gègé ìkọ̀wé, tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ tó gan. Ó wà nínú àpò rẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ mú un jáde. Èmi kì í ṣe eku inú àgò tí wọ́n fi ń dán oògùn wò.

"Bàbá, bí ẹ bá lè gún ara yín, Màmá á lè lọ."

Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí n kò fi wò ó.

(Akọ̀wé dá ọwọ́ dúró níbí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.)

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Akọ̀wé gún mi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ bí ẹni ń kan ìṣó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ti rí irú ọjà Ẹnjiníà yìí rí. Lọ́dún kan bàbá mi ní ìbàdí ń dun òun, ó gbé ilẹ̀ ẹ̀bá odò fún alágbàro kan pé kó bá òun ro ó. Alágbàro yẹn níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn gbé e fún àna rẹ̀. Àna rẹ̀ kò mọ ẹni tó ni oko. Ó wá bá bàbá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ mọ oko ro. Ilẹ̀ kan wà lẹ́bàá odò..."

Bàbá mi gba iṣẹ́ náà. Ó ro ó tán, ó sì ń kùn pé olóko náà ya ọ̀lẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọmọbìnrin kan kanlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, lórí símẹ́ńtì. Ó béèrè àlàáfíà mi, ó béèrè ti ìyàwó mi, ó béèrè ti àwọn ọmọ kí ó tó sọ ohun tó bá wá. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ń wá àwọn àgbà tí ìka wọn gan, kí wọ́n wá bá àwọn yẹ nǹkan ìwòsàn kan wò. Mo bi í pé ta ló ni nǹkan náà. Ó ní àwọn kò mọ̀, ilé-iṣẹ́ kan ló gbé e fún ilé-iṣẹ́ àwọn. Ta ló gbé e fún àwọn yẹn? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní n óò wá.

Bó ṣe jáde báyìí ni Akọ̀wé dojú kọ mí. Ohun tí mo fi du ọmọ bíbí inú mi, mo gbé e fún àjèjì? Mo ní ọmọ mi kò kúnlẹ̀.

"Ọkùnrin ni! Ìdọ̀bálẹ̀ ni tiẹ̀!"

Mo ní kò dọ̀bálẹ̀ náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mọ́tò wá kó wa. Àwa mẹ́jọ. Yàrá funfun kan, tábìlì kan, ikùn rọ́bà kan lórí rẹ̀ bí ikùn ènìyàn tó ń sùn. Dígí ńlá wà lára ògiri. Wọ́n ní àwọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń wò wá, ká má kà wọ́n sí. Mo kí wọn. Ènìyàn kì í wọlé kó má kí onílé, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn dígí ló wà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè wá wọlé. Ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ níjẹta náà ló wà níbẹ̀. Ó fún mi lága onítìmùtìmù, ó bu omi fún mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ tọwọ́tọwọ́. Ó wá gbé abẹ́rẹ́ kan jáde, tí kò ní orúkọ lára. Kí n ṣí i, kí n gún ikùn rọ́bà.

Ìdérí rẹ̀ kò ṣí. Mo yí i, mo fà á, mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ náà tẹrí ba láti kọ̀wé, mo fi eyín já a. Mo gún ikùn.

"Ṣé ó rọrùn, Bàbá?"

Kí ni kí ènìyàn wí? Ọmọ ọlọ́mọ, tó ti jí láti ìdájí nítorí tiwa. Mo ní ó rọrùn gan-an. Mo ní ẹni tó ronú kan èyí, kí ọwọ́ rẹ̀ má rọ, kí ó má ṣe àṣedànù láyé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mọ́tò ń gbé wa padà. Ìyá Aránṣọ, ọ̀kan nínú àwa mẹ́jọ, ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bò mí láṣìírí nítorí Ọlọ́run, ta ló rí i ṣí?"

Kò sí. Ìyá Aránṣọ ní orúnkún lòun fi há a mọ́lẹ̀ kí òun tó fà á. Bíríkìlà tó jókòó sẹ́yìn ní òun gbá tòun mọ́ etí tábìlì, òun sì ń wúkọ́ kí wọ́n má gbọ́ ariwo rẹ̀. Gbogbo wa la yìn ín. Gbogbo wa la ṣàdúrà. A rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó lè bá wa rẹ́rìn-ín.

"Ká ní wọ́n rí wa fín ni," Bíríkìlà ní, "wọn ì bá gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹnjiníà pè, ó ń pariwo. Abẹ́rẹ́ òun ti yege ìdánwò! Nínú arúgbó mẹ́jọ, mẹ́jọ ló fọwọ́ sí i. Olórúkọ máa tọwọ́ bọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ gàǹgà kan tilẹ̀ fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ wọn – ìyẹn ló tún ń lọ lọ́jà báyìí, ó ní, àwọn ńlá ń gbé àwọn kékeré mì kí wọ́n lè máa ṣe gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan.

Mo ní ṣé òrùlé tí wọ́n ti kó o jáde níjọ́sí? Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí inú mi dùn."

Ó wá ní kí n gbọ́ ohun tí bàbá kan sọ níbẹ̀. Ó kà á: *Ẹni tó ronú kan èyí, kí ọwọ́ rẹ̀ má rọ, kí ó má ṣe àṣedànù láyé.*

Mo jókòó. N kò mọ̀ pé mo ti dìde tẹ́lẹ̀.

Ó ní òun ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì òun. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Mo wá rántí bàbá mi àti ilẹ̀ ẹ̀bá odò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ta ni yóò sọ fún un? Akọ̀wé ní òun kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹnjiníà gbé abẹ́rẹ́ náà wá fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti di ẹrù sínú àpótí, àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n ṣí i kí òun rí i. Mo kẹ̀yìn sí i.

"Bàbá, ẹ kọjú sí mi."

Mo kọjú sí i. Ìdérí wà láàárín eyín mi.

Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní, "Ẹ sọ fún un." Mo sọ fún un. Ikùn rọ́bà, àga onítìmùtìmù, orúnkún Ìyá Aránṣọ, ikọ́ Bíríkìlà. Gbogbo rẹ̀. Àti ẹni tó ṣe àdúrà ara ògiri yẹn.

Ó ní mo parọ́. Mo ní n kò parọ́, mo yẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sí ni. Ó ní ọmọ tèmi ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ "o kú iṣẹ́" lẹ́nu mi rí. Òun fi agolo ṣe mọ́tò ní kékeré, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Òun gba ipò kìíní nílé-ìwé, mo béèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó yìn mí, Bàbá, ẹ ò mọ̀ pé èmi ni. Irọ́ tún ni."

Mo ní ẹsẹ̀ mọ́tò agolo yẹn wọ́ lóòótọ́.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jọ ẹ̀rín. Bí òun bá sọ ọ́ fún Olórúkọ, gbogbo nǹkan dúró. Bí òun kò bá sọ ọ́, arúgbó kan yóò jókòó sílé kan pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, kò sì ní rí i ṣí. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Akọ̀wé gbé àpótí padà sí yàrá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹnjiníà sọ ọ́. Olórúkọ gbé kálàmù rẹ̀ padà sápò. Ọ̀gá ọmọ mi níbi iṣẹ́ kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Àwọn onírọ́bà ní bí wọ́n ṣe yà á làwọn ṣe é. Àwọn ayàwòrán ní bí Olórúkọ ṣe fẹ́ ẹ làwọn ṣe yà á. Àwọn onídánwò ní àwọn àgbà ló ní ó dára. Ẹ̀bi rìn títí, ó wá jókòó sí ọ̀dọ̀ wa tí a kọ́ wa nílé.

Àwọn ẹ̀yìn dígí wá ńkọ́, tí wọ́n ń wò wá? Ẹnjiníà ní kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn dígí. Wọ́n ti gbé wíwò fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, fídíò ni àwọn yẹn yóò wò, kò sì tíì kan tiwa.

Ìkíni mi sì ṣòfò!

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹnjiníà kó àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ sí pálọ̀ mi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò bu omi fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ẹ má ṣe mí bí àlejò. Ọmọ yín ni mí. Ẹ bá mi wí."

Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ gbé e. "Ìka ta lo fi wọn ìdérí yìí, ìka ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé?" Bíríkìlà ní ilẹ̀kùn báńkì kò le tó o. Òmíràn ní àwọ̀ rẹ̀ jọ egbò. Ọ̀rọ̀ dùn mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n bú ìdérí, wọ́n bú rọ́bà, wọ́n bú irun orí Ẹnjiníà. Ó ń kọ ọ́ lọ. Akọ̀wé ní kí n sọ pé ojú rẹ̀ ń dán. Ó ń dán.

Wọ́n wá yíjú sí mi. Mo ní wọ́n ti sọ ọ́ tán. Àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí n óò gbé èébú mi fún alágbàṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìdérí tuntun dé. Òrùka wà lórí rẹ̀ bí etí korobá. Ènìyàn a ki ìka kan bọ̀ ọ́, a fà á. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa jókòó tì mí. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo fà á, ó ṣí. Mo dé e padà, mo tún ṣí i. Mo gún ara mi.

Akọ̀wé dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kò sí ohun tí ọwọ́ náà fẹ́ ṣe. N kò mọ orúkọ tí ènìyàn lè pe ojú rẹ̀. Mo mọ ti ojú tèmi: ojú ẹni tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin àwọn onídánwò wá. Kò kúnlẹ̀. Wọ́n ti ka ìkúnlẹ̀ léèwọ̀ fún wọn, ó ní kí n má bínú. Arúgbó aláìmoore ni wọ́n ń wá báyìí, àwọn tí wọ́n lè bú nǹkan lójú olóhun. Ṣé n óò máa wá báwọn ṣe é? Ẹnì kan ló júwe mi fún wọn. N kò béèrè ẹni náà. Ọjà ti yí padà lóòótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ìrọbí ti ń mú ọmọ wa díẹ̀díẹ̀. Lọ́la ni Akọ̀wé ń lọ. Àpótí ti padà sẹ́nu ọ̀nà.

Olórúkọ kò tíì tọwọ́ bọ̀wé. Ẹnjiníà pè, kò mẹ́nu kan ìyẹn. Ó ní, "Bàbá, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Báwo ló ṣe rí?"

Àdúrà ọjọ́sí wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ti ná an sórí irọ́. Mo wá òmíràn títí.

Mo ní, "Kò burú."

Ó wá ní kí n tún un sọ. Mo ní èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó tó. Ó ní òun máa já ìwé ti ara ògiri yẹn, òun máa lẹ èyí síbẹ̀.

Akọ̀wé ń béèrè bóyá kí òun kọ ọ́ pé ohùn mi gbọ̀n. Mo ní kó má kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́. Ó ní bí mo bá fẹ́ pa á rẹ́, kí n kọ́ ìwé kíkọ kí òun tó dé.