Ilé tí Craig rà fún wa ní Sípéènì

Màmá mi,

Ara mi le, oòrùn ibí sì dára. A ti ra ilé ìsinmi náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí funfun tó kọjú sí òkun tí mo fẹ́. Mo bẹ Craig títí, ó ní, "Ìyàwó mi, ta ni màá máa bá mutí níbẹ̀, ẹja?" Ló bá lọ tọwọ́ bọ̀wé fún èyí tó wà lókè ilé ọtí Dougie, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Dougie ní, "Ìyàwó wa, ojoojúmọ́ la ó máa ríra." Màmá, ṣé àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ ni? Ó ń bí mi nínú, àmọ́ ó máa dáa.

Ẹ bá mi kí Dádì. Ẹ ní bí a bá rìn díẹ̀, a ó rí òkun.

Lorna yín